Ẹni Tí Ó Fi Ìjọ Sílẹ̀, Ṣé Ọlọ́run Ni Ó Fi Sílẹ̀?

Ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ilẹ̀ Yorùbá máa ń bi ara wọn ní kọ̀rọ̀, tí wọn kì í sì í fẹ́ kí ẹlòmíràn gbọ́. Ìbéèrè náà ni pé: bí olórí ìjọ bá ń ni ọmọ ìjọ lára ní orúkọ Ọlọ́run, ṣé ó tọ́ kí ọmọ ìjọ náà jáde, àbí ìfaradà ni ó yẹ ẹ́? Àwọn kan yóò ní ìbéèrè ọmọdé ni èyí. Wọn yóò ní ta ni kò mọ̀ pé ibi tí ó bá ń ta ni lára ni à ń sún kúrò. Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ kò rọ̀ lọ́rùn lè fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí onílé ń yọ lẹ́nu lè kó lọ sí àdúgbò mìíràn. Ẹni tí a ti kọ́ pé ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn kan ṣoṣo ni ẹnu ọ̀nà ọ̀run, níbo ni yóò kó lọ? Owó oṣù tàbí ilé kọ́ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń ba òun láti pàdánù. Ọkàn òun fúnra rẹ̀ ni.

Ibi tí ó yẹ kí á ti mú ọ̀rọ̀ náà ni ìtàn. Láti ìgbà tí àwọn ajíyìnrere ti gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1842, ìtàn ìjọ ní ilẹ̀ Yorùbá kún fún àwọn tí ó dìde, tí wọ́n sì jáde. Ní 1888, àwọn ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní Èkó kúrò lábẹ́ àwọn òyìnbó, wọ́n dá ìjọ tiwọn sílẹ̀. Ní 1891 ni United Native African Church bẹ̀rẹ̀. Ní 1901, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ìjọ St. Paul's, Breadfruit, jáde nítorí ọwọ́ tí àwọn aláṣẹ ìjọ fi mú àlùfáà wọn, James Johnson. Láti inú ìjáde náà ni African Church ti ṣẹ̀. Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1918 kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà ní 1922. Ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù tí Mósè Orímóládé àti Abíọ́dún Akínsọ̀wọ́n dá sílẹ̀ ní 1925 pín sí méjì ní 1929. Àwọn tí ó di Christ Apostolic Church yapa kúrò lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́, kuníìnì sì wà lára ohun tí ó fa ìyapa náà: àwọn òyìnbó ń lò ó sí ibà, nígbà tí àwọn ará ibí ti pinnu pé àdúrà nìkan ni àwọn yóò gbẹ́kẹ̀ lé. Ní 1952, Josiah Akíndayọ̀mí tí ó jẹ́ ọmọ Kérúbù àti Séráfù dá Redeemed Christian Church of God sílẹ̀.

Àwọn tí ó jáde wọ̀nyí kò pe ara wọn ní apẹ̀yìndà. Wọ́n gbé Bíbélì àti ìwé orin wọn, wọ́n lọ, wọ́n sì ń sin Ọlọ́run kan náà níbi tí wọ́n dé. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ ìyanu pé nínú ọ̀pọ̀ ìjọ tí a bí nínú ìjáde, olórí ìjọ lè dìde lórí àga ìwàásù kí ó fi ẹni tí ó bá jáde gégùn-ún. Ọ̀nà tí baba rẹ̀ gbà wọlé ni ó ń fi ẹ̀gún dí mọ́ ọmọ ẹlòmíràn.

Ó yẹ kí á ṣọ́ra, ṣá, kí á má ṣe pe gbogbo ìjọ tí òfin rẹ̀ le ní ìjọ anilára. Àwọn kan ń gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta láìfẹnu kan omi. Àwọn kan kì í wọ bàtà pẹ̀lú aṣọ funfun wọn. Àwọn kan ń sun orí òkè nínú òtútù ọyẹ́. Ẹni tí ó fẹ́ràn ìrọ̀rùn lè rí èyí bí ìyà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ yàn án lè rí ìsinmi nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó yẹ kí ó bá a jà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìjọ tí kò ní òfin líle kankan, tí orin dùn níbẹ̀, tí ẹ̀rín kì í tán ní ẹnu olórí rẹ̀, lè jẹ́ túbú. Ìlekoko òfin kọ́ ni a ó fi dá a mọ̀.

Ohun tí a ó fi dá a mọ̀ ni ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọmọ ìjọ bá wí pé rárá. Alàgbà kan bèèrè bí a ṣe ná owó ilé tuntun. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní òun kò fẹ́ ọkùnrin tí a rí sí òun lójú ìran. Ìyá kan gbé ọmọ tí ibà ń ṣe lọ sí ilé ìwòsàn láìkọ́kọ́ gbàṣẹ. Ọ̀dọ́kùnrin kan ní ọ̀dọ̀ àwọn òbí òun ni òun yóò ti ṣe Àjíǹde lọ́dún yìí, kì í ṣe ní àgọ́ ìjọ. Nínú ìjọ tí ara rẹ̀ yá, ìwọ̀nyí lè dá ìbínú sílẹ̀. A lè sọ̀rọ̀ gbígbóná sí ara ẹni. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ pé olùbéèrè ni kò gba ọ̀rọ̀ yé. Síbẹ̀, bí ọjọ́ Ìsinmi mìíràn bá dé, ènìyàn ni ó ṣì jẹ́ lójú àwọn ará. Nínú ìjọ anilára, ìbéèrè gan-an ni ó di ẹ̀ṣẹ̀. A kò ní sọ bí a ṣe ná owó. A ó béèrè irú ẹ̀mí tí ó rán an níṣẹ́. A kò ní wo bí ibà ọmọ ṣe le tó; a ó wí fún ìyá pé àìgbàgbọ́ rẹ̀ ni ó ń pa ọmọ rẹ̀ lọ. Bí ó bá ti rí báyìí lẹ́ẹ̀kan, ó lè jẹ́ àṣìṣe. Bí ó bá ti di ìṣe, àmì náà ti hàn.

Ìjọ bẹ́ẹ̀ kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn lọ́jọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ni. Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ tí ó sábà máa ń tì ni ti ará ilé. Wòlíì yóò ríran pé ọwọ́ àgbàlagbà obìnrin kan wà nínú ìdádúró ọmọ náà. Kò ní dárúkọ, ṣùgbọ́n yóò ní ó dúdú, ó sì fẹ́ràn ọmọ náà púpọ̀. Ta ni yóò tún jẹ́ bí kò ṣe ìyá àgbà tí ó wò ó dàgbà? Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ ìyá àgbà ti di ohun tí à ń dà nù lẹ́yìn ilé. Ẹ̀yìn èyí ni ìjẹ́wọ́. Ọmọ ìjọ yóò tú àṣírí rẹ̀ fún olórí pẹ̀lú omijé, gẹ́gẹ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ fún baba. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, yóò gbọ́ àṣírí náà nínú ìwàásù, a kò dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Kò tún sí ohun tí a ní láti sọ fún un mọ́. Ó ti mọ̀ pé ohun tí ó wà lọ́wọ́ olórí pọ̀ ju ohun tí a ti sọ lọ. Owó ni àwọn ará ìta sábà máa ń mẹ́nu bà, nítorí òun ni ojú ń rí: ìdámẹ́wàá, owó ẹ̀jẹ́, owó ilẹ̀. Owó tí ó lọ ṣeé tún wá. Ẹni tí kò ní ará ilé mọ́, tí kò sì ní àṣírí kankan tí ó jẹ́ tirẹ̀, ọ̀dọ̀ ta ni yóò sá sí?

Ọ̀nà jíjìn ni a ti rí àpẹẹrẹ tí ó fi ìtìlẹ̀kùn yìí hàn jù lọ. Jim Jones, òyìnbó ọmọ Indiana ní Amẹ́ríkà, dá ìjọ Peoples Temple sílẹ̀ ní Indianapolis ní àárín ọdún 1950 sí 1960. Ohun rere ni ó fi bẹ̀rẹ̀: ó ń bọ́ àwọn aláìní, ó sì ń gba aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun sí orí ìjókòó kan náà nígbà tí èyí ṣọ̀wọ́n. Ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí California ní 1965. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó tẹ̀ lé e jẹ́ aláwọ̀ dúdú, àwọn àgbà obìnrin sì pọ̀ nínú wọn, tí wọ́n ti jẹ ìyà ẹ̀yà púpọ̀ kí wọ́n tó rí i. Àwọn èèyàn ńlá bọ̀wọ̀ fún un. Ní 1977 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn tí a fi sọrí Martin Luther King. Ṣùgbọ́n nínú ilé, a ń fi ìfun adìẹ ṣe jẹjẹrẹ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lára aláìsàn. A ń kó ilé àti owó àwọn àgbà. A ń na ènìyàn lójú agbo. Ní 1977 kan náà, nígbà tí ìwé ìròyìn kan fẹ́ tú àṣírí náà, ó kó wọn lọ sínú igbó ní Guyana, sí ibi tí a fi orúkọ rẹ̀ pè ní Jonestown. Níbẹ̀, a gba ìwé ìrìnnà wọn, a ń ka lẹ́tà wọn kí ó tó jáde, a sì ń fi ikú dánra wò lóru.

Ní oṣù kọkànlá 1978, aṣòfin Leo Ryan wá wò wọ́n láti Amẹ́ríkà. Wọ́n kọrin, wọ́n jó, wọ́n ní ayé àwọn dára. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni ọkùnrin kan yọ́ ìwé kékeré fún àwọn àlejò pé kí wọ́n mú òun kúrò níbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, àwọn mìíràn ti ní àwọn fẹ́ lọ. Wọn kò ju bí 15 lọ láàárín ẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ohun kékeré ni èyí jẹ́ fún ìjọ tí ó dá ara rẹ̀ lójú. Ní ti Jones, a yìnbọn sí àwọn tí ó ń lọ ní pápákọ̀ òfurufú, a pa Ryan àti àwọn mẹ́rin mìíràn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejìdínlógún oṣù náà, a sì po májèlé fún àwọn tí ó kù. Àwọn 909 ni ó kú ní Jonestown, bí 300 nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Ohùn wọn wà nínú téèpù tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Obìnrin kan, Christine Miller, dìde bèèrè bóyá kò tíì pẹ́ jù láti kó lọ sí Rọ́ṣíà. Ó ní ó yẹ kí àwọn ọmọdé wà láàyè. Kì í ṣe Jones nìkan ni ó dá a lóhùn. Àwọn ará ìjọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó pariwo lé e lórí títí ó fi jókòó. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà dun ni jù nìyí: ẹni tí a ti gba rárá lẹ́nu rẹ̀ kì í fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìwà òyìnbó ni èyí. Ní 2023, nínú igbó Shakahola ní Kenya, a hú òkú tí ó lé ní 400, ti àwọn tí oníwàásù kan ti sọ fún pé kí wọ́n febi pa ara wọn kí wọ́n lè pàdé Jésù. Nítòsí ilé pẹ̀lú, ní oṣù keje 2022, àwọn ọlọ́pàá kó ènìyàn 77 jáde nínú ìjọ kan ní ìlú Oǹdó, ọmọdé wà nínú wọn. Wọ́n ń retí ìgbàsókè. Àwọn ọ̀dọ́ kan níbẹ̀ kò fẹ́ bá àwọn òbí wọn lọ; wọ́n ní nínú Olúwa nìkan ni àwọn yóò ti gbọ́ràn sí òbí. Ẹsẹ Bíbélì tí ó so ọmọ mọ́ ìyá ni a ti yí padà di ọ̀bẹ tí ó gé wọn sọ́tọ̀.

Ẹsẹ mìíràn tí a sábà máa ń fi pa ènìyàn lẹ́nu mọ́ wà nínú Sáàmù 105, níbi tí Ọlọ́run ti kìlọ̀ pé kí a má ṣe fọwọ́ kan àwọn tí òun fi òróró yàn. Bí pásítọ̀ bá ti ka èyí, ìbéèrè tán. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka àwọn ẹsẹ tí ó ṣáájú rẹ̀ yóò rí i pé Ábúráhámù, Ísákì àti Jákọ́bù ni à ń wí, nígbà tí wọ́n kéré níye, tí wọ́n jẹ́ àlejò, tí wọ́n ń ṣí kiri láti ilẹ̀ kan dé èkejì. Àwọn ọba ni a kìlọ̀ fún. Ààbò aláìlágbára lọ́wọ́ alágbára ni ẹsẹ náà jẹ́. Ìyàlẹ́nu ni pé alágbára ni ó wá ń fi í bo ara rẹ̀ báyìí.

Wọn a tún mẹ́nu kan Dáfídì, pé kò fọwọ́ kan Sọ́ọ̀lù bí Sọ́ọ̀lù tilẹ̀ ń lépa ẹ̀mí rẹ̀. Òótọ́ ni. Nínú ihò Ẹ́ńgédì, etí aṣọ Sọ́ọ̀lù ni ó gé, kò gé e lórí. Ohun tí wọn kì í rántí sọ ni pé Dáfídì kò dúró sí ààfin. Nígbà tí a ju ọ̀kọ̀ lù ú, dùùrù ni ó ń ta láti tu Sọ́ọ̀lù lára; àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ jù nínú ìjọ ni ọ̀kọ̀ sì sábà máa ń bá títí di òní. Ó yẹ̀ ẹ́, ó sá lóru, ó lọ bá Sámúẹ́lì ní Rámà, ó sùn nínú ihò, ó tilẹ̀ gbé láàárín àwọn ará Filísítíà. Bíbélì kò dá a lẹ́bi pé ó sá kúrò níwájú ẹni òróró Ọlọ́run. Fífọwọ́ kan ènìyàn yàtọ̀ sí kíkúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn baba ńlá Yorùbá kí ìyìn rere tó dé. Ẹni tí ó wólẹ̀ níwájú òrìṣà ní ẹnu láti wí pé, òrìṣà, bí o kò bá lè gbè mí, ṣe mí bí o ti bá mi. Òrìṣà ni wọ́n ń bá sọ bẹ́ẹ̀, áńbọ̀ńtorí abọrẹ̀! Aláàfin pàápàá, ìgbákejì òrìṣà, ní Ọ̀yọ́ Mèsì tí ó lè sọ fún un pé ìlú kọ̀ ọ́. Lóòótọ́, Baṣọ̀run Gáà lo agbára yìí nílòkulò títí ìyà fi jẹ ẹ́ ní 1774. Àwọn tí ń ṣọ́ ọba náà ń fẹ́ olùṣọ́. Àmọ́ ìlànà náà wà. Olórí tí ẹnikẹ́ni kò lè kọ̀ fún kò sí nínú àṣà tí a bá nílẹ̀, kò sì sí nínú Bíbélì tí a gbà.

Àtakò kan wà tí ó yẹ kí á gbọ́. Àwọn kan wà tí ẹsẹ̀ wọn kì í gbélẹ̀. Bí a bá bá wọn wí nítorí gbèsè tí wọn kò san tàbí ìyàwó oníyàwó, wọ́n ti gba ìjọ mìíràn lọ, wọ́n sì ń sọ pé a ni àwọn lára. Báwo ni a ó ṣe mọ ìyàtọ̀? Ẹ̀ṣẹ̀ tòótọ́ ní orúkọ. Ẹni tí a bá wí nítorí gbèsè mọ iye tí ó jẹ àti ẹni tí ó jẹ ẹ́. Ìyá rẹ̀ nílé yóò bá a wí bákan náà. Ẹ̀ṣẹ̀ tí a ń fi ni ènìyàn lára a máa yí padà: lánàá, ìgbéraga ni, lónìí, àìgbọràn, lọ́la, ẹ̀mí òkùnkùn láti ìdílé ìyá. Bí ó bá tọrọ ìdáríjì fún èyí, a ó mú òmíràn jáde. Ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ṣeé dárúkọ, ìdáríjì rẹ̀ kò ṣeé rí.

Bí ó bá wá di pé kí ó lọ, báwo ni yóò ṣe lọ? Ìmọ̀ràn tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí ó lọ bá olórí, kí ó dágbére pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ìmọ̀ràn rere ni, fún ìjọ rere. Níbi tí ìnilára bá wà, yàrá olórí ni ibi tí a ti ń fọ́ ìpinnu ènìyàn. Míkálì ọmọ Sọ́ọ̀lù gba ojú fèrèsé sọ ọkọ rẹ̀ kalẹ̀ lóru, ó tẹ́ ère sórí ibùsùn, ó sì wí fún àwọn ìránṣẹ́ baba rẹ̀ pé ara Dáfídì kò yá. Ní Jonestown, ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí májèlé wáyé, àwọn mọ́kànlá kan ní àwọn ń lọ ṣe fàájì nínú igbó. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà pọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn. Wọ́n tọ ojú irin rélùwéè fún bí 30 máìlì, gbogbo wọn sì yè. Ṣé irọ́ ni wọ́n pa? Irọ́ ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá wọn lẹ́bi, kí ó kọ́kọ́ ka iye ọmọdé tí àwọn tí kò parọ́ fi sílẹ̀. Òtítọ́ jẹ́ gbèsè, ṣùgbọ́n olówó rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ni.

Nítorí náà, kí ó wá ẹnì kan ní ìta tí ó lè fọkàn tán, ẹ̀gbọ́n tàbí olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́, kí ó tó sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ìjọ. Kí ó kó ìwé ẹ̀rí rẹ̀ àti ìwé ìbí àwọn ọmọ rẹ̀ jáde. Kí ó má ṣe bá wọn jiyàn ìkẹyìn. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999, ní ìpín 38, fún un ní ẹ̀tọ́ láti yí ẹ̀sìn rẹ̀ padà, áńtorí ìjọ. Bí a bá sì ń na ọmọ tàbí tí a febi pa á, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni, kì í ṣe ti àdúrà nìkan. Abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí.

Ìbẹ̀rù tí ó kù ni ti ègún. Yorùbá kì í fojú di èpè, kò sì sí ìdí tí a ó fi fi ẹni tí ó ń bẹ̀rù rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé Òwe nínú Bíbélì fi ègún tí kò nídìí wé ẹyẹ tí ń fò kiri láìríbi bà. Ẹni tí ó bá ṣubú lórí alùpùpù lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí ó jáde yóò rántí ohun tí wòlíì wí. Kò ní rántí pé àwọn tí ó dúró náà ń ṣubú.

Àwọn tí ó bá gbà á sílé ní iṣẹ́ láti ṣe, tí ó ṣòro ju bí wọ́n ti rò lọ. Yóò jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, kò ní mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Bí ó bá ṣí Bíbélì, ohùn olórí àtijọ́ ni yóò máa gbọ́ nínú ẹsẹ kọ̀ọ̀kan. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún kan láìwọ ilé ìjọsìn kankan, àwọn ìbátan tí ó fẹ́ràn rẹ̀ yóò sì máa dárúkọ ìjọ tiwọn fún un, olúkúlùkù pẹ̀lú tirẹ̀. Kí wọ́n fi í sílẹ̀ ná. Kí wọ́n má ṣe wí pé, ṣebí a sọ fún ọ. Kí wọ́n bu oúnjẹ fún un. Bí ìyá àgbà bá ṣì wà láàyè, kí ó jẹ́ òun ni yóò bù ú.